Ta Ló Pa Àpótí Iná Màmá?

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá Màmá ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tó kọ́kọ́ já a láyà ni pé yàrá náà dákẹ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn tí ìyá arúgbó náà fi ń mí kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru. Ariwo rẹ̀ ti di ara ilé. Lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé nọ́ọ̀sì ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún ní yàrá iwájú. Rọ́bà ṣì wà nímú Màmá, ojú rẹ̀ pa dé, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú.

Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó sáré lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àgbá atẹ́gùn kékeré tó máa ń gbé kiri, ó sì so ó mọ́ Màmá nímú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àyà ìyá náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì wo ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó sì rí nǹkan méjì tó mú un pe ọlọ́pàá. Àkọ́kọ́ ni pé àpótí iná, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́, tó sì yẹ kó máa gbé ẹ̀rọ Màmá ṣiṣẹ́, ti kú, bẹ́ẹ̀ láti agogo mẹ́wàá ni wọ́n ti mú iná àdúgbò lọ. Èkejì ni pé áyọ́ọ̀nù kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì wà lára àpótí iná náà.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá, Tún-un-Sọ làwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ fún un tán, á ní kó tún un sọ. Bó bá tún un sọ, á tún ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà pé òótọ́ kì í sú ẹni tó bá ń sọ ọ́, àmọ́ irọ́ a máa rẹ olówó rẹ̀. Ọkùnrin gbígbẹ ni, ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n, kì í sì í gba àga bí wọ́n bá gbé e fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí àpótí iná. Kò tóbi ju báàgì ìrìn-àjò kékeré lọ, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, ó sì ní ojú gíláàsì níwájú. Ó tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà yọ lójú gíláàsì náà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé iná ò tán nínú àpótí. Ó pa fúnra rẹ̀ ni, tàbí kí ẹnìkan ti pa á. Ó ní kí sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e wá kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Lára ògiri, ẹnìkan ti fi bírò pupa kọ òfin sí ìwé kan: KÒ SÍ ÁYỌ́Ọ̀NÙ. KÒ SÍ OMI GBÍGBÓNÁ. ÀFI Ẹ̀RỌ MÀMÁ NÌKAN. ẸNI TÓ BÁ LÉTÍ KÓ GBỌ́.

Ẹni tó kọ ọ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń fi ojú pa obìnrin kan ní yàrá iwájú. Àbíkẹ́yìn Màmá ni. Ó ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé. Òun ló ra àpótí iná, ó sì fẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan. Oṣù kan gbáko ló fi ń ti ibì kan dé ibì kan, tìwé tìwé lọ́wọ́, tó ń bi àwọn tó ń tà á pé mélòó ni yóò gbé, wákàtí mélòó ni yóò lò, ṣé fúnra rẹ̀ ni yóò gba iṣẹ́ bí iná bá lọ àbí ó dìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ó sú àwọn kan nínú wọn. Àwọn méjì purọ́ fún un, ó ká irọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tó gbé èyí délé tán, ó jókòó tì í tòun ti agogo, ó ń kọ iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí. Ó mú ìwé náà jáde fún inspẹ́kítọ̀ bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn.

Ẹni tó ń fojú pa ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ tírélà, ni wọ́n ń bá Màmá gbé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ kán télọ̀ lójú, ó so áyọ́ọ̀nù mọ́ àpótí iná. Ẹrù pọ̀ jù fún àpótí, ó ké fíì, ó pa. Màmá mí gúlegúle kí télọ̀ tó fa áyọ́ọ̀nù yọ tó sì tẹ àpótí padà. Àbíkẹ́yìn ní àfi kí ìyàwó náà kó jáde. Màmá ní kò sí ibi tó ń lọ, pé ìyàwó náà ló ń wẹ òun, tó sì ń bọ́ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àbíkẹ́yìn dé eegun. Láti ọjọ́ náà, òun àti télọ̀ ò kí ara wọn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má bàa kan ti télọ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Ọ̀gá, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹ tún un sọ."

"Òwe yẹn?"

"Rárá o. Ibi tí ẹ wà láàárọ̀ yìí."

Ó ní ṣọ́ọ̀bù lòun wà láti agogo mẹ́jọ títí nọ́ọ̀sì fi pe òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi kún un pé òun ò tilẹ̀ dìde lórí àga. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè àga.

Inspẹ́kítọ̀ bá télọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Kò dìde fún un. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ṣì gbóná. Obìnrin náà ń ránṣọ lọ bí ẹni tí ọlọ́pàá ò wá bá.

"Áyọ́ọ̀nù oníná tó wà lọ́hùn-ún, ta ló ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ̀yin lẹ so ó mọ́ àpótí iná?"

"Mi ò so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ̀yin náà ti wò mí láti òkè délẹ̀, ẹ ti dá mi lẹ́bi. Ẹnu tèmi ò wúlò nínú ilé yìí. Ẹ lọ bi áyọ́ọ̀nù."

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ lọ bi áyọ́ọ̀nù."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ariwo gba gbogbo yàrá. Sájẹ́ǹtì ní kí àwọn mú un lọ nítorí ojú rẹ̀ le jù. Inspẹ́kítọ̀ ní bí wọ́n bá ń mú èèyàn torí ojú líle, ta ni yóò kù ní àgọ́ ọlọ́pàá? Ó gbé áyọ́ọ̀nù oníná náà dání, ó lọ.

Olùkọ́ kan tí télọ̀ ń bá rán aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ wá lọ. Ó ní òun dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ní agogo mẹ́wàá àbọ̀, òun ò sì kúrò níbẹ̀ títí di ogún ìṣẹ́jú sí agogo méjìlá. Ó ní télọ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun rárá, pé pínnì ló kún gbogbo ara òun, ó gbé aṣọ náà wọ òun lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ń bínú sí ara rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń dé ọ̀dọ̀ Màmá ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í yẹ̀. Gbogbo ilé náà ló mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni táyà ọkọ̀ rẹ̀ jò lọ́nà.

Ní ọsibítù, dókítà sọ ojú abẹ níkòó. Ìyá náà yóò yè, yóò sì padà sílé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kódà bí kò tó ìdajì àkókò yẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e wá. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ba inspẹ́kítọ̀ ju bó ṣe fi hàn lọ. Bí òun bá ṣi ẹni mú, ọwọ́ ẹni tó pa àpótí náà ni Màmá ń padà sí.

Ó bi Màmá fúnra rẹ̀ ohun tó rí. Màmá ní òun sùn. Ó ní kó tún un sọ, ìyá náà ní òun sùn, ó sì kọjú sí ògiri. Àbíkẹ́yìn jókòó tì í, ó ń bó ọsàn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àdúgbò ti dájọ́ tiwọn. Oníbàárà mẹ́fà ló wá kó aṣọ wọn lọ́dọ̀ télọ̀ láìtíì gé e, ọ̀kan nínú wọn ò tilẹ̀ wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ti nawọ́ gbà á. Ọkọ rẹ̀ ti ìrìn-àjò dé, kò bi í ní ohunkóhun. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀, pé òun ò fẹ́ kí ìyá òun délé bá a. Télọ̀ di ẹrù náà. Kò rọrùn láti fẹ́ràn obìnrin yẹn, èmi tí mò ń sọ ìtàn gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń parọ́ mọ́ kò jẹ gbèsè ẹ̀rín músẹ́.

Lọ́jọ́ náà ni inspẹ́kítọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún iná ṣe ládùúgbò, tí wọ́n ń pè ní Wáyà. Wáyà wo áyọ́ọ̀nù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí? Ọ̀gá, òkú lẹ gbé kiri yìí."

Ó fi sukurudíráfà tú ìdí rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Wáyà fa agolo mílíìkì kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó da nǹkan inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣa irin dúdú kan tó ti jó gbẹ láàárín àwọn nọ́ọ̀tì.

"Ohun tó ń gbóná nínú ẹ̀ nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá tí mo ti yọ ọ́. Mo ní kí ìyàwó yẹn gbé ike ẹ̀ pamọ́ sẹ́yìnkùlé títí màá fi rí irú ẹ̀ rà. Látìgbà yẹn, èédú ló ń lò."

"Bí wọ́n bá so ó mọ́ àpótí iná, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù kan, àpótí ò ní mọ̀ pé ó débẹ̀. Wọ́n ní, 'Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.' Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Inspẹ́kítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú irin náà, ó sì ya ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Ó bá obìnrin tí òun àti Àbíkẹ́yìn jọ ń tajà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó jáde, sájẹ́ǹtì bi í ohun tó gbọ́. Ó ní ó dọ̀la.

Ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́bọ̀, ó pe gbogbo wọn jọ sí yàrá Màmá. Àbíkẹ́yìn ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tuntun de ìyá rẹ̀. Awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń wo agogo. Télọ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì.

Inspẹ́kítọ̀ na ìwé Àbíkẹ́yìn sí i. "Ẹ̀yin lẹ mọ àpótí yìí jù. Ẹ bá wa ka ohun tí ẹ kọ."

"Bí ẹ̀rọ Màmá bá ń lò ó, lẹ́yìn wákàtí kan, mẹ́tàdínláàádọ́rin ló ń ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn wákàtí méjì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Tó bá di mẹ́ta, ó tán."

"Bó bá wá ku mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ńkọ́?"

Kò tilẹ̀ rò ó. Ẹni bá mọ iṣẹ́ kì í lè pa á mọ́ra. "Á ti lò tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Agogo mẹ́wàá niná lọ. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo bá nínú ẹ̀. A jẹ́ pé agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó pa. Ní àkókò yẹn, ìyàwó ilé yìí wà ní yàrá iwájú, ó ń gún pínnì mọ́ olùkọ́ kan láṣọ. Mo ní kí olùkọ́ yẹn tún un sọ títí ó fi ń bínú sí mi."

Awakọ̀ gbé ojú kúrò lára agogo. Àbíkẹ́yìn ní kí ni ìyẹn fi hàn, ṣé kì í ṣe áyọ́ọ̀nù ìyàwó ni wọ́n bá níbẹ̀? Inspẹ́kítọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù náà sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kí gbogbo wọn wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú irin tó jó yọ nínú àpò rẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Áyọ́ọ̀nù yìí ò lè pa àpótí kankan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti kú. Wáyà mọ̀. Gbogbo oníbàárà tó ń rí èédú lórí tábìlì ló mọ̀. Ẹni tó pa àpótí, ọwọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́, ó wá gbé áyọ́ọ̀nù sí i kí àwa lè rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí ló tún ṣẹlẹ̀. Ta wá ni ò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́? Ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹni tí kì í dé yàrá iwájú. Ká ní ẹ kí ìyàwó yìí lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò bá ti mọ̀."

"Kí ni màá torí ẹ̀ pa ìyá mi?" ni Àbíkẹ́yìn bi í.

"Ẹ ò fẹ́ pa wọ́n. Ẹ ro ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í pẹ́. Ẹ fẹ́ kí àlejò rí áyọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, kó gbé Màmá dìde, kó sì jẹ́rìí sí i, kí Màmá pàápàá má lè gbèjà ìyàwó mọ́. Àmọ́ táyà jò. Ẹnìkejì yín ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé ẹ jáde ní agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dé ní mọ́kànlá kọjá ogún. Ó ní ẹ gbé fóònù ka iwájú, ẹ ń wò ó, ẹ ò dá oníbàárà kankan lóhùn. Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí agogo mọ́kànlá àbọ̀ lù, tí fóònù ò dún, kí ló dé tí ẹ ò sáré wálé?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ìgbà yẹn ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bí mo bá wá kí wọ́n tó pè mí, wọ́n á mọ̀."

"Ẹ tún un sọ."

"Wọ́n á mọ̀!" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n lajú nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́. Màmá lajú, wọ́n ní, 'Ṣé iná ti dé ni?' Mo ní ó ti dé, kí wọ́n sùn. Wọ́n ní, 'O káre, ọmọ mi.'"

Inú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bàjẹ́, ti inspẹ́kítọ̀ náà ò gbẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì fà á dìde, wọ́n jáde. Awakọ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ẹrù rẹ̀. Télọ̀ wo agogo, ó ní ó ti ń lọ sí agogo mẹ́rin. Ó fa àpótí iná yọ lára ògiri, ó gbé òun àti ẹ̀rọ atẹ́gùn jáde síta fún ìrìn-àjò ìyá ọkọ rẹ̀.

Ní ọsibítù, inspẹ́kítọ̀ ló wọlé ṣáájú. Ó rọra sọ fún Màmá ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá ò ké. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ò sùn lọ́jọ́ náà.

"Mo fẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi ni, ọ̀gá. Odindi ọjọ́ méjì ló fi bó ọsàn fún mi. Gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu, mo máa ń rò pé ó fẹ́ sọ ọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni télọ̀ ti gbọ́ ọ. Ó gbé àpótí iná àti ẹ̀rọ kalẹ̀.

"Ẹ mọ̀, Màmá?"

"Ìyàwó mi."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́. Ọkọ mi ní kí n di ẹrù mi. Àwọn èèyàn ń pe èmi ní apànìyàn, ẹ sùn síbí, ẹ mọ̀."

"Ọmọ mi ni," ni Màmá wí. Ó fẹ́ sọ sí i, ó nawọ́ sí i, àmọ́ ẹkún gbé e léèémí, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kò sì rí ọ̀rọ̀ náà sọ parí.

Télọ̀ wò ó títí. Inspẹ́kítọ̀ ò mọ ohun tí obìnrin náà fẹ́ ṣe, obìnrin náà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó so ẹ̀rọ mọ́ àpótí iná, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró kó rí nọ́ńbà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún rọ́bà ṣe nímú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, Màmá. Ẹ mí ná. Tó bá dọ̀la, a máa jà."